Òdo Ara Ilẹ̀kùn Màmá Ṣọ́ọ̀ṣì

Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà Adéòkè ní Crusher, àdúgbò kan ní Lọ́kọ́ja, ẹ kò ní pẹ́ mọ̀ pé òun nìkan ló ń gbé ibẹ̀, nítorí wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn. Òdo ni. Òdo roboto tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì funfun kọ, pẹ̀lú ọjọ́ àti oṣù lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn tó ń kán oògùn rọpárọsẹ̀ sọ́mọ lẹ́nu ló ń kọ ọ́. Gbogbo ará Lọ́kọ́ja ló mọ̀ wọ́n. Wọ́n á gbé kúlà kékeré kọ́ èjìká, wọ́n á máa lọ láti ojúlé dé ojúlé. "Ẹ kú ilé o, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún wà níbí?" Bí ọmọ bá wà, wọ́n á kán oògùn sí i lẹ́nu, wọ́n á fi tàdáwà kun èékánná rẹ̀, wọ́n á wá kọ iye ọmọ sára ilẹ̀kùn, kí ọ̀gá wọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ilẹ̀kùn mẹ́fà ló wà ní àgbàlá tí Adéòkè ń gbé. Mẹ́ta ló wà lára ti Ọmọ́wùmí aránṣọ, méjì ló wà lára ti Bàsítì tó ń tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe. Ti Adéòkè, òdo. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń gbé ibẹ̀, òdo ni. Bí òjò bá fọ ti ọdún yìí, wọ́n á tún padà wá kọ òmíràn, bí ẹni pé ó sọ fún wọn pé òun ti gbàgbé.

Obìnrin Ìsánlú ni. Nehemiah ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ fún ìjọba, iṣẹ́ ìyẹn ló gbé wọn wá sí Lọ́kọ́ja, Adéòkè náà sì rí iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ní ọ́fíìsì kan títí ó fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n wá ọmọ. Wọ́n wá a dé ibi tí ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n jókòó. Lẹ́yìn náà ni Nehemiah kú, ó fi í sílẹ̀ pẹ̀lú yàrá méjì àti rédíò kan tí kì í sọ̀rọ̀ àfi tí èèyàn bá gbá a lẹ́yìn. Ẹ sì mọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí, ìyá lágbájá là ń pe obìnrin. Àwọn ará àgbàlá wá lágbájá tì, ni wọ́n bá ń pè é ní Màmá Ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń jẹ́ ẹ. Kí ni ì bá tún ṣe?

Orúkọ náà kì í kúkú ṣe irọ́. Lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, fún ọdún mẹ́rìnlá gbáko, Adéòkè ló ń jókòó ní yàrá àwọn ìkókó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kí àwọn ìyá lè ráyè gbọ́ ìwàásù. Wọ́n á gbé ọmọ fún un, á gbá a mọ́ àyà, á gbọn ọ́n jẹ́jẹ́, ọmọ á sùn. Kò sí ẹni tó ń fi ọwọ́ kàn án láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wákàtí méjì àbọ̀ ti ọjọ́ Ìsinmi yẹn ló fi ń gbé ìyókù ọ̀sẹ̀.

Kòrónà ló dé tó ti gbogbo rẹ̀ pa. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tún ṣí i, ṣùgbọ́n yàrá àwọn ìkókó wà ní títì fún ọdún kan àti ààbọ̀. Ìgbà tí wọn yóò fi ṣí i, Alàgbà Christopher, akọ̀wé ìjọ, dìde, ó tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe. Ó ní ẹnikẹ́ni tí yóò bá tún gbé ọmọ ọlọ́mọ gbọ́dọ̀ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára wá, ó pẹ́ tán, ọjọ́ Ìsinmi kẹta nínú oṣù kọkànlá. Ẹni tí kò bá mú un wá, àwọn ọ̀dọ́ ti wà nílẹ̀ tí yóò gba ipò rẹ̀. Kò fi ìkà sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ ọ́, ojú Adéòkè ló ń wò, nítorí nínú gbogbo àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà, òun ló dàgbà jù.

Adéòkè délé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í retí abẹ́rẹ́.

Ẹ má fi í ṣẹ̀sín. Níbo lẹ ti rí i rí ní ilẹ̀ yìí kí èèyàn máa wá àjẹsára kiri? Àjẹsára ló ń wá èèyàn. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń rí i tí wọ́n ń kan gbogbo ilẹ̀kùn, títí kan èyí tí kò sí ọmọ nínú rẹ̀. Ó gbà pé èyí tí ó jẹ́ ti àgbàlagbà náà, wọ́n ń gbé e bọ̀. Ó ń jí ní kùtùkùtù, ó ń gbálẹ̀, ó ń gbé àga méjì síta, ọ̀kan fún òun, ọ̀kan fún nọ́ọ̀sì. Ó wọ bùbá tí apá rẹ̀ fẹ̀ dáadáa kó má baà fa wàhálà. Kò lọ ọjà Kpata fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kí wọ́n má baà dé kí wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì. Ẹ̀kọ àti ẹ̀wà tó kù nílé ló ń jẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ márùn-ún sí ọjọ́ Ìsinmi tí Alàgbà dá, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Patricia ni, kúlà ní èjìká, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún wà nílé yìí?"

"Kò sí, ọmọ mi. Èmi nìkan ni." Adéòkè ti jókòó, ó ti ká apá bùbá rẹ̀ sókè. "Apá òsì ni mo fẹ́."

Patricia wo apá náà, ó wo ojú rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọmọ náà ní ẹ̀kọ́, kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí àga kejì, ó sọ fún un pé oògùn ọmọdé ni òun gbé dání, pé ti Kòrónà kì í wá ilé. Ilé ìwòsàn àdúgbò ni wọ́n ti ń gún un, láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí dé ọjọ́ Ẹtì. Kí Màmá jẹun kó tó lọ. Kó mú káàdì ìdìbò tàbí ohunkóhun tí orúkọ rẹ̀ bá wà lára rẹ̀, àti nọ́mbà fóònù. Kò sí pé ó gbọ́dọ̀ fi fóònù forúkọ sílẹ̀ ṣáájú, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ fún un. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Bí wọ́n bá gún un tán, kó jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n fi wò ó bóyá ara rẹ̀ gbà á, wọ́n á fún un ní káàdì, yóò sì padà lọ gba ẹlẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́wàá.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń dúró dè yín," ni Adéòkè wí.

"Ẹ má bínú, Màmá." Patricia dìde. Iṣẹ́ sì ni iṣẹ́ ń jẹ́, ó kọ òdo rẹ̀ sára ilẹ̀kùn kó tó lọ.

Ọjọ́rú, Adéòkè dé ilé ìwòsàn ní aago mẹ́jọ. Èèyàn mẹ́fà ni wọ́n. Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́, obìnrin sísanra kan tí ó ti rẹ̀ láti òwúrọ̀, ṣàlàyé fún wọn: ìgò oògùn kan, èèyàn mẹ́wàá ló wà fún. Bí wọ́n bá ti ṣí i, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí mẹ́fà, ìyókù á bàjẹ́. Wọn ò ní ṣí i àyàfi tí èèyàn mẹ́wàá bá pé. Wọ́n dúró títí di aago kan. Wọn ò pé. Kálukú gba ilé rẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀, èrò pọ̀ díẹ̀. Ọlọ́kadà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Làtífù, ẹlẹ́nu wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé bí èèyàn bá gba abẹ́rẹ́ náà tán, tí wọ́n bá gbé gílóòbù lé e lápá, gílóòbù á tàn.

"Bó bá tàn, a ti rí iná nìyẹn," ni Adéòkè fèsì. "Ọjọ́ mẹ́ta nìyí tí a ti wà nínú òkùnkùn ní Crusher."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó ya òun gan-an lẹ́nu pé ẹnu òun ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ó ti pẹ́ tí ó ti sọ ohun tó pa èèyàn lẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì jáde ní aago mẹ́wàá, ó ń nàka sí wọn: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Mẹ́sàn-án. Ó tún jáde ní aago méjìlá, mẹ́sàn-án náà ni. Nígbà tó di aago kan, ọkọ̀ dé láti wá gbé kúlà padà sí ibi tí wọ́n ń tọ́jú oògùn sí. Adéòkè rí i bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ, omijé lé sí i lójú. Ẹnì kan péré. Ní gbogbo Lọ́kọ́ja yìí, pẹ̀lú Ígálà àti Ẹ̀bìrà àti Núpé àti àwa Yorùbá Okun tí a kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ẹnì kan péré ló kù.

Bó ṣe ń jáde lọ, ó rí bàbá arúgbó kan lẹ́yìn ọgbà, tó jókòó sórí òkúta lábẹ́ igi dongoyárò. Káàdì ìdìbò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Okun o, Bàbá," ni Adéòkè fi ìkíni ilé kí i.

"Okun o." Àgbẹ̀ ọmọ Òwórò ni, Abdulrahman lorúkọ rẹ̀, ó wá bá ọmọ rẹ̀ gbé ní àdúgbò Felele.

"Ẹ̀yin náà wá gba abẹ́rẹ́ ni?"

"Láti àárọ̀ ni mo ti dé. Inú ibẹ̀ ni mo jókòó sí. Ṣùgbọ́n bí obìnrin yẹn bá ti ń jáde tó ń nàka sí èèyàn, èmi náà á jáde."

Adéòkè dúró wò ó. "Bàbá, mẹ́sàn-án ni wọ́n kà wá. Ẹnì kan ló ku kí wọ́n ṣí ìgò."

"Ta lẹni náà?"

"Ẹ̀yin ni."

Bàbá Abdulrahman tẹjú mọ́lẹ̀. Ó ní ọmọ mẹ́jọ ni ìyá àwọn bí. Nígbà tí òun wà ní kékeré, àwọn tó ń ka èèyàn fún ìjọba dé abúlé wọn, wọ́n tò wọ́n síwájú ilé, wọ́n ń nàka sí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ọdún tó yípo, ó ku àwọn mẹ́ta. Ìyá wọn ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ó sì mú òun búra pé ẹnikẹ́ni kò tún gbọ́dọ̀ nàka ka òun mọ́ láyé.

Ẹlòmíràn ì bá bínú. N kò ní purọ́ fún yín, Adéòkè fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ sí àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n ó rántí òdo ara ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹni tí ó fi gbogbo ayé sá fún kíkà rèé, òun nìyí tí kò sí ẹni tó kà á sí. Ó gbé ìdí kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá náà.

"Bí a bá rí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò fi ní kà yín, ṣé ẹ máa wá lọ́la?"

"Bí wọn kò bá kà mí, mo máa wá."

Ọjọ́ Ẹtì nìkan ló kù. Kò fojú ba oorun dáadáa. Aago mẹ́jọ ló dé ilé ìwòsàn, bàbá ti wà lábẹ́ dongoyárò, Làtífù náà dé, ṣùgbọ́n nínú àwọn tí wọ́n jọ jókòó lánàá, àwọn kan kò padà wá. Ó fi ojú kà wọ́n pẹ̀lú bàbá, méje. Aago mẹ́wàá lù, méje náà ni.

Adéòkè dìde. Ó gun ọ̀kadà Làtífù padà sí Crusher, ó sì ṣe ohun tí kò ṣe rí fún ọdún mọ́kànlá. Ó kan ilẹ̀kùn Ọmọ́wùmí.

Ọmọ́wùmí ṣí i, okùn ìwọnṣọ lọ́rùn rẹ̀. "Màmá Ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan kan. Àbí, ó wà." Adéòkè nawọ́ sí ọ̀nà ilé ìwòsàn. "Wọn ò ní ṣí ìgò abẹ́rẹ́ Kòrónà fún èmi nìkan. Mẹ́wàá ni wọ́n fẹ́. Bí n kò bá gbà á lónìí, wọn ò ní jẹ́ kí n gbé ọmọ mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. N kò mọ ẹni tí mo lè bẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kún iye."

"Màmá, láti ọjọ́ tí mo ti dé àgbàlá yìí, ẹ ò kan ilẹ̀kùn mi rí. Mo rò pé ẹ ò fẹ́ràn ariwo àwọn ọmọ mi ni."

Ẹ gbọ́ ohun tó ti ń bẹ láàárín ògiri kan ṣoṣo láti ọdún yìí wá. Obìnrin yìí, tó jẹ́ pé ariwo àwọn ọmọ náà ló fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́! Orí ló kàn ń mì.

Ọmọ́wùmí bọ́ okùn ìwọnṣọ lọ́rùn, ó ké sí Bàsítì. Bàsítì kùn díẹ̀, ó ní òun kò nígbàgbọ́ nínú abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó fọ ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún gíríìsì, ó bọ́ sọ́nà. Làtífù pe ọlọ́kadà ẹgbẹ́ rẹ̀ kan lójú ọ̀nà. Ìyẹn di mẹ́wàá.

Wọ́n padà dé ilé ìwòsàn, Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́ jáde, ó na ìka. Bàbá Abdulrahman dìde.

"Ẹ dúró, nọ́ọ̀sì," ni Adéòkè wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka èèyàn. Nílé wa, bí wọ́n bá ń ṣe ọ̀wẹ̀, òkúta ni wọ́n ń kà." Ó ti ṣa òkúta wẹ́wẹ́ sínú gèlè rẹ̀ lábẹ́ dongoyárò. Ó fún kálukú ní ọ̀kan, ó gbé abọ́ ṣíṣófo kan tó bá lórí tábìlì káàkiri. Òkúta ń ró, kó, kó, kó. Bàbá Abdulrahman ló jù ú kẹ́yìn, ó sì jókòó padà. Nọ́ọ̀sì wo àwọn èèyàn náà bí ẹni tó ń wo àwọn wèrè, ó da òkúta sórí tábìlì, ó fi ìka yà wọ́n sọ́tọ̀. Mẹ́wàá. Ó ṣí ìgò.

Wọ́n gún wọn tán, Làtífù àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dúró, Ọmọ́wùmí rántí pé aṣọ oníbàárà wà lórí ẹ̀rọ. Bàbá àti Adéòkè ló jókòó pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Adéòkè sọ orúkọ ara rẹ̀ fún un, ó sì sọ fún un nípa òdo.

"Òdo dára," ni bàbá wí. "Kò sí ẹni tó lè yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀."

"Bàbá, ẹ ò tíì gbé inú rẹ̀ wò."

Nígbà tí ọmọ bàbá wá fi ọkọ̀ gbé e, ó yíjú padà, ó ní, "Ó dàbọ̀, Adéòkè." Kò sẹ́ni tó ti pe orúkọ yẹn láti ọjọ́ tí Nehemiah ti lọ.

Ọjọ́ Ìsinmi, Alàgbà Christopher wo káàdì níwájú, ó wò ó lẹ́yìn, ó ní kó máa wọlé. Adéòkè bá ọmọge kan tó ń jẹ́ Goodness nínú yàrá, àwọn ọmọ yí i ká. Ó mọ ọ̀kan nínú wọn lójú ẹsẹ̀. Tèmítáyọ̀ ni, ọmọ oṣù mẹ́ta tó máa ń sùn lé e láyà kí wọ́n tó ti ilé. Ó ti ń sáré báyìí. Adéòkè na ọwọ́ sí i. Ọmọ náà wo ìbòmú, ó wo ojú tó wà lókè rẹ̀, ó sá sẹ́yìn Goodness, ó figbe ta.

Ó dùn ún. Ó dùn ún wọ egungun. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ, ọdún kan àti ààbọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó lọ jókòó sí igun. Nígbà tó yá, ìyá kan wọlé, kò béèrè ohunkóhun, ó gbé ìkókó tuntun kan lé e lọ́wọ́, ó sáré padà lọ gbọ́ ìwàásù. Orí ọmọ náà bọ́ sí apá òsì gan-an, níbi tí abẹ́rẹ́ ti ń ro ó. Adéòkè kò sún un kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́ ìparí ìsìn.

Ní ìparí oṣù kìíní, Patricia tún dé pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì rẹ̀.

"Màmá, ẹ kú ọdún tuntun o. Ọmọ wà nílé?"

"Kọ ọ̀kan."

Patricia yọjú wo inú yàrá lẹ́yìn Adéòkè. Àga wà, ibùsùn wà, rédíò wà. "Ta ni, Màmá?"

"Èmi ni. Mo ti gba àjẹsára, káàdì mi rèé."

"Ọmọdé là ń kọ, Màmá. Ọ̀gá mi ń bọ̀ lẹ́yìn. Bó bá rí ọ̀kan, á kan ilẹ̀kùn, á ní òun fẹ́ rí i."

"Kó kàn án. Màá jáde sí i."

Ọmọbìnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ nu òdo kúrò, ó kọ ọ̀kan, ó sì lọ sí ilẹ̀kùn kejì.

Ọjọ́ kan kọjá, ọ̀gá kò wá. Ọjọ́ kejì, kò wá. Adéòkè ń gbálẹ̀, ó ń gbé àga méjì síta, bí ìwà rẹ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́, kò sí òjò tí yóò fọ ṣọ́ọ̀kì. Ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn tí ó ti kó àga wọlé, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó mú káàdì rẹ̀ dání, ó ṣí i.

Ọmọ́wùmí ni. Òun náà mú káàdì tirẹ̀ dání.

"Màmá, ọ̀la ni abẹ́rẹ́ wa ẹlẹ́ẹ̀kejì. Bàsítì ní òun ń bọ̀, Làtífù náà ti pè. Mo ní kí n wá kàn sí yín, kí a má baà débẹ̀ kí a fi ẹnì kan dín." Ó rí ara ilẹ̀kùn. "Ta ni wọ́n kọ síbí?"

"Èmi ni," ni Adéòkè wí, ó sì padà sẹ́yìn kí Ọmọ́wùmí lè wọlé.